Orin Inú Etí àti Orin Ojú Agbo

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì wa: irú orin wo ni ó ń ṣe ọkàn ọmọ ìwé ní àǹfààní, irú èwo ni ó sì ń bà á jẹ́? Bí ẹ bá bi àwọn òbí, wọn yóò sọ fún yín pé orin ìgboro ìsinsìnyí ni ó ń da orí àwọn ọmọ rú, àti pé ní ìgbà tí Haruna Ishola ń kọ àpàlà, tí I. K. Dairo sì ń tẹ àkọ́díọ̀nù rẹ̀, kò sí ọmọ ìwé tí ń sọ pé ọkàn òun wó lulẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn ẹlẹ́sìn, wọn yóò ní orin ẹ̀mí nìkan ni oògùn. Bí ẹ bá sì bi àwọn tí ó máa ń ka ìwé ìròyìn Òyìnbó, wọn yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ máa gbọ́ Mozart. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí pé íápíìsì ti dí wọn létí.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi orin kọ́ ni ó yẹ kí á bi í. Irú ìlù, irú ohùn àti irú ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orin ní iṣẹ́ tiwọn, n kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni ibi tí orin gbé bá a. Ṣé àárín ènìyàn ni ó ti bá a, níbi tí òun náà ti lè la ẹnu gbè é? Àbí orí ibùsùn ni ó ti bá a ní òun nìkan, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ bí ẹkún ni ó ń sun tàbí ẹ̀rín ni ó ń rín? Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Mozart, nítorí pé ibẹ̀ ni àsọdùn pọ̀ sí jù.

Ní ọdún 1993 àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Frances Rauscher, Gordon Shaw àti Katherine Ky, kó akẹ́kọ̀ọ́ 36 jọ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Irvine, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́ orin Mozart kan tí a fi dùùrù méjì lù, fún ìṣẹ́jú 10; lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní ìdánwò tí ó jẹ mọ́ fífi ojú inú wo bí ohun kan yóò ti rí. Àwọn kan náà ni wọ́n tún mú kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan, kí wọ́n tó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn orin Mozart ni ó dára jù, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kò pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ tí ó fi pòórá. Gbogbo ohun tí wọ́n rí kò ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà, ó di pé Mozart ń sọ ènìyàn di ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia, Zell Miller, ti ń bèèrè owó lọ́wọ́ ìjọba láti fi ra irú orin bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tuntun jòjòló gbogbo. Ní ọdún 1999 ni Kristin Nantais àti Glenn Schellenberg, ní ilẹ̀ Kánádà, wá fi ìtàn kíkà dípò ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ju orin lọ ṣe dáadáa lẹ́yìn ìtàn, ẹni tí ó sì fẹ́ràn orin ju ìtàn lọ ṣe dáadáa lẹ́yìn orin. Àwọn baba wa kò lọ sí Irvine kí wọ́n tó sọ pé inú dídùn ní í mú orí yá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi Mozart sílẹ̀. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, kì í sì í ṣe oògùn.

Ìmọ̀ràn kejì tí àwọn Òyìnbó sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé bí orin bá di dandan nígbà ìwé kíkà, kí ó jẹ́ èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìdí wà fún ìmọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2011, Nick Perham àti Joanne Vizard tẹ àbájáde iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Cardiff jáde: wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa rántí àwọn lẹ́tà bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, nígbà tí orin ń dún sí wọn létí. Orin tí wọ́n fẹ́ràn dí wọn lọ́wọ́, orin tí wọ́n kórìíra náà sì dí wọn lọ́wọ́ bákan náà. Ibi tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ṣe dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ pé orin tí òun fẹ́ràn kì í dí òun lọ́wọ́, adùn ni ó ń sọ, kì í ṣe òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Níbo ni ọmọ Yorùbá yóò ti rí orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú? Dùndún ń sọ̀rọ̀, gángan ń sọ̀rọ̀, bàtá náà ń sọ̀rọ̀, bí tirẹ̀ tilẹ̀ le gbọ́ ju ti dùndún lọ. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń pe ọ̀rọ̀ ni ìyá ìlù fi ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ èdè náà kò lè sọ pé ìlù lásán ni òun gbọ́. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì nínú yàrá kan. Ọ̀kan dàgbà ní Ìsẹ́yìn, ó mọ ohun tí ìyá ìlù ń wí. Ìkejì dàgbà ní Lẹ́kí, àwọn òbí rẹ̀ kò sì bá a sọ Yorùbá rí. Àwo orin kan náà ni ó ń dún. Àkọ́kọ́ gbọ́ òwe, òwe náà sì fà á kúrò nínú ìwé lọ sí ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ àgbà. Ìkejì gbọ́ kìnìkìnì, ó ń mi orí, ó sì ń kàwé rẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé irú orin báyìí báyìí ni ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́, láìkọ́kọ́ bèèrè ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ náà í ṣe?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú fújì. Ọ̀dọ̀ àwọn ajísààrì ni fújì ti ṣẹ̀ wá, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń lu ìlù káàkiri àdúgbò ní òru oṣù Ramadan láti jí àwọn Mùsùlùmí dìde jẹ sààrì. Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, ni ó fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí, ó sì sọ pé inú àwòrán òkè kan ní ilẹ̀ Japan ni òun ti rí orúkọ náà. A dá orin yìí láti lé oorun lọ, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì! Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi fújì ṣe T.D.B., èyíinì ni kíkàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ṣi orin lò rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ajísààrì kì í jí ènìyàn ju oṣù kan lọ nínú ọdún, ẹni tí wọ́n bá sì jí yóò jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe T.D.B. fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú kọfí àti bisikíìtì, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí àyà rẹ̀ ń já láìsí ìdí, tí ó sì ń bá ènìyàn jà lórí omi ìwẹ̀, wọn a ní orin ni ó dà á lórí rú. Oorun ni kò sùn.

Àpàlà ní tirẹ̀ rọra ń lọ. Haruna Ishola a máa jókòó kọ orin rẹ̀ ni, ìjókòó náà sì wà nínú orin: kò sáré, kò pariwo, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ń fi àyè sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé, kí ó tó sọ òmíràn. N kò mọ orin tí ó ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tí wọ́n ní kò sí àìsàn ọkàn láàrin akẹ́kọ̀ọ́ nígbà àpàlà àti jùjú, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ohun kan.

Ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, oníṣègùn ọpọlọ kan, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń pe àìsàn náà ní brain fag, bí ẹni pé ọpọlọ ni ó rẹ̀. Wọ́n ní orí ń ta àwọn, ó ń gbóná, ó sì ń ṣe bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú ń ṣú wọn. Bí wọ́n bá ka ìwé, ohun tí wọ́n kà kì í dúró. Àwọn àgbà tí ó mọ òde orí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí i. Àpàlà ń dún nígboro nígbà náà, jùjú ń dún, orin háíláìfù ń dún ní gbogbo ilé ijó Ìbàdàn, síbẹ̀ orí ń ta ọmọ ìwé.

Ohun tí Prince rò pé ó fà á ni pé ọ̀nà tí Òyìnbó gbà ń kẹ́kọ̀ọ́ kò bá ọmọ Nàìjíríà mu: ẹnìkan ṣoṣo, lórí àga kan ṣoṣo, nínú ìdákẹ́jẹ́, tí ó ń gbé ẹrù ìwé ní orí ara rẹ̀ nìkan, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo ẹbí ni ó ń dúró de àbájáde. Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀dá ọmọ Nàìjíríà ni kò gba ìwé. Àwọn oníṣègùn tiwa tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ ka ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sí àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, irú èyí tí kò sí ilẹ̀ tí kò sí. Ṣùgbọ́n ti ìdáwà yẹn, Prince fi ọwọ́ bà á. Ní ilé ìwòsàn tí òun náà ti ṣiṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti fi ìdí ètò kan múlẹ̀ láti ọdún 1954: aláìsàn kò ní dá wá, ẹbí rẹ̀ kan yóò bá a wá, wọn yóò sì jọ máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, láàrin àwọn aráyé tí ń lọ oko tí wọ́n sì ń bọ̀. Èyí ni pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ní Aro ní ẹnìkan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ pé ní yàrá ìkàwé kò ní.

Nígbà tí wọ́n gbé rédíò inú àpótí, èyí tí a fi wáyà fà wọ inú ilé, dé Èkó ní ọdún 1935, àwọn baba wa gbọ́ ọ, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ọ̀mọ̀wé kankan kò lè fún un ní èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka orúkọ yìí sí àwàdà. Lójú tèmi, àbùkù ni wọ́n rí lára ẹ̀rọ náà. Níbi tí wọ́n ti wá, ẹnìkan a máa dá orin, àwọn yòókù a máa gbè é; bí oníjàálá bá ń sun ìjálá, àwọn tí ó dúró tì í lè dá sí i, wọ́n lè bá a jiyàn, wọ́n lè já ohùn gbà lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tí ń bọ̀ láti inú àpótí tí kò sì dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wí, nǹkan àràmàǹdà ni.

Síbẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì ìjọ́sí sàn. Gbogbo agbo ilé ni ó jọ ń gbọ́ ọ, bí òun kò bá sì gba èsì, àwọn tí ó yí i ká lè dá ara wọn lóhùn. Íápíìsì ni asọ̀rọ̀mágbèsì tí a kì bọ inú ihò etí. Ẹ lọ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí ní alẹ́: ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú yàrá kan, orin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ó yàtọ̀ sí ara wọn, yàrá náà sì pa rọ́rọ́ bí itẹ́ òkú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kú lọ, fóònù rẹ̀ nìkan ni ó mọ orin tí ó ń gbọ́.

Mo fẹ́ kí á mú ọdún 2022 yẹ̀ wò, nítorí pé ọdún náà fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ju gbogbo ìwádìí lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ni àwọn olùkọ́ yunifásítì, ẹgbẹ́ ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó so ó rọ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ọmọ tí ó yẹ kí ó jáde ní ọdún náà kò jáde. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò rí ilé tí ó wọ̀. Ó wà nílé bàbá rẹ̀, àwọn aládùúgbò ń bi í pé ìgbà wo ni ẹ máa wọlé, kò sì rí èsì fún wọn. Nínú oṣù mẹ́jọ yìí gan-an ni àwo orin méjì jáde tí gbogbo ọ̀dọ́ gbé sí etí: Boy Alone ti Omah Lay ní oṣù keje, àti Mr. Money With The Vibe ti Asake ní oṣù kẹsàn-án.

Omah Lay jẹ́ ọmọ Port Harcourt. Orúkọ àwo rẹ̀ ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ọmọkùnrin tí ó dá wà. Ohùn kan ni, ó rọ̀, ó sún mọ́ etí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé inú orí ẹni tí ń gbọ́ ọ ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ nípa ọtí, nípa olólùfẹ́ tí ó dalẹ̀, nípa ara rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Nínú orin tí ó pè ní Soso, ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀ kí a bá òun mú ìrora kúrò. Àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ ọ ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 2014, Liila Taruffi àti Stefan Koelsch ní Berlin bi ènìyàn 772 léèrè nípa orin ìbànújẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ sì sọ pé ó ń mú wá sí ọkàn àwọn ni ìrántí ohun tí ó ti kọjá, kì í ṣe ìbànújẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ní ó ń tu àwọn nínú. Èyí bá ohun tí a mọ̀ mu, nítorí pé ẹkún ìyàwó náà, ìbànújẹ́ ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń fi òfin dè é. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, mo ka Boy Alone sí iṣẹ́ tí ó dára, tí kò sì purọ́. Ó fún ohun tí ọmọ náà kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n ìyàwó tí ń sun ẹkún ìyàwó, ojú ìyá rẹ̀ ni ó ti ń sun ún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbè é, ìyá a sì fi àdúrà dáhùn. Ta ni ń dáhùn nínú íápíìsì? Àwọn kan wà láàrin wa tí ó jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni wọ́n máa ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ bí ewúrẹ́. Wọ́n ti gbé e mì, wọn yóò tún pọ̀ ọ́ jáde. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ a máa gbọ́ orin kan náà ní ìgbà ogún lóru kan, kò sì ní tù wọ́n nínú ní ìgbà ogún. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti orin, ó ti di ti oníṣègùn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àwọn aṣiwèrè tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti rìn dé ilé ìwòsàn yunifásítì rẹ̀.

Ti Asake ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ yunifásítì ni òun náà, ó kọ́ ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní Ifẹ̀. Ohun tí ó ṣe tí ó fi yàtọ̀ ni pé ó mú ègbè padà wá. Nínú orin rẹ̀, kì í ṣe ohùn kan ni ẹ ó gbọ́, ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, bí ìgbà tí àwọn ọmọ adúgbò bá dúró yí ẹnìkan ká, tí wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ fújì nínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn ilé kéú àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ìlù amapiano tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá. Etí Yorùbá ni ó fi ṣe é. Ọmọ tí ó wà nílé láti oṣù kejì gbé e sí etí, lójijì ó wà láàrin èrò. Àwọn kan sọ pé èyí gan-an ni oògùn ìdáwà.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ègbè inú àwo orin ti pé kí ó tó dé etí ọmọ náà. A ti gbè é tán ní Èkó. Bí ó bá gbè é, kò fi nǹkan kan kún un. Bí kò bá gbè é, kò sí ohun tí ó dín. Èrò tí ó wà nínú fóònù kò mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Ní ti ìdáwà, n kò rí ìyàtọ̀ láàrin Asake inú íápíìsì àti Omah Lay inú íápíìsì, àfi pé Omah Lay jẹ́wọ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo ni ó wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, tí àwọn ọmọ wọlé padà, tí wọ́n ń fi orin Asake yìí kan náà ṣe àríyá, ṣe ni gbogbo wọn ń fi ohùn ara wọn bo ohùn inú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Orin kan náà ni. Ibi tí ó gbé bá wọn ni ó yí padà.

Èmi náà rí àléébù nínú orin ìgboro, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń gbè sẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ owó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn yóò ní Ebenezer Obey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ki olówó títí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n olówó tí wọ́n ń kì wà ní ìjókòó, òun ni ó sanwó ìlù, ìrẹsì rẹ̀ sì kan ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ tí ó dúró lẹ́yìn agbo. Akọrin ìsinsìnyí ara rẹ̀ ni ó ń kì. Ọmọ tí ń gbọ́ ọ nínú yàrá nígbà ìyanṣẹ́lódì kò rí ìrẹsì kankan jẹ níbẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ ni pé ẹgbẹ́ òun ti ń ra ọkọ̀, òun ṣì wà nílé bàbá òun.

Àwọn ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ń la ẹnu kọrin ní yunifásítì lónìí kò pọ̀. Ọ̀kan ni agbo àwọn Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu, pẹ̀lú ìlù àti orin wọn tí wọ́n ń pè ní gyration. Òmíràn ni ìpàdé àwọn ẹlẹ́sìn. Mo mọ ẹ̀sùn tí a ń fi kan méjèèjì. Ti àwọn ẹlẹ́mu, ọtí a máa pọ̀ jù, orin wọn a sì máa fi obìnrin ṣe ẹlẹ́yà ju bí ó ti yẹ lọ. Ti àwọn ẹlẹ́sìn kan, bí ọmọ bá ní ọkàn òun ń rẹ̀wẹ̀sì, wọn yóò ní ẹ̀mí búburú ni, wọn yóò sì fi ààwẹ̀ kún àìsùn. Ẹ̀sùn méjèèjì ló tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn: ní àárín wọn, bí elégbè kò bá gbè, orin dúró. Ìwádìí kan tí Eiluned Pearce, Jacques Launay àti Robin Dunbar ti Oxford tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì fún oṣù méje, àwọn kan ń kọrin pọ̀, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ń kọ ìwé. Nígbà tí oṣù méje yóò fi pé, gbogbo wọn ti di ọ̀rẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọrin ni ó kọ́kọ́ mọ ara wọn, kíákíá. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún jáńbáìtì, nítorí pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìdáwà máa ń mú un jù. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Àwa ẹgbẹ́ Yorùbá ńkọ́? Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹlẹ́mu àti ẹlẹ́sìn lọ, nítorí pé ọwọ́ wa ni ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó àti orin etíyẹrí wà. Ẹ wo ohun tí a ń ṣe ní alẹ́ àṣà wa. A to àga ní ìlà ìlà. A gbé makirofóònù fún akéwì, ó kéwì, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ bí ti Òyìnbó, wọ́n sì tún dákẹ́. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn jáńbáìtì tí ó wà lẹ́yìn ń tẹ fóònù, ọ̀kan tàbí méjì ti ti íápíìsì wọn bọ etí padà kí rárà tó parí, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé a ti sọ rárà náà di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe ètò ti ọdún tí ń bọ̀ kò gba owó: kí wọ́n kó àga kúrò láàrin gbọ̀ngàn, kí àwọn onílù dúró sí àárín, kí ènìyàn sì yí wọn ká. Bí ẹni tí ó ń dá orin bá sì rí i pé àwọn ọmọ tuntun kò mọ ègbè rẹ̀, kí ó dá ìlù dúró, kí ó kọ́ wọn, kí ó tó tẹ̀síwájú.